Jẹ́-n-parí àti Obìnrin Tí Kò Ní Àléébù

Nígbà tí Ìyípadà dé, tí ìjọba àtijọ́ di ẹrù rẹ̀ tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jí lọ́jọ́ kejì tí wọ́n rí i pé akíkanjú ni àwọn. Àwọn kan ti jẹ́ akíkanjú tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó mọ̀ ni. Àwọn mìíràn kò mọ̀ fúnra wọn àfi ìgbà tí rédíò sọ ọ́. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí, àárín àwọn tí rédíò ta lólobó ló wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ká tó máa fi í ṣẹ̀sín: kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò jalè rí, kò gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀ rí. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò wò, kò sì sí ìwọ̀n tó yingin tí ojú rẹ̀ kò tó. Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ bí abiyamọ ṣe fẹ́ràn àkọ́bí. Bó bá mú ọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, oòrùn a kan àtàrí kó tó mọ ibi tó ń gbé e lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, a na ọwọ́ sókè, a di ojú, a ní, "Jẹ́ n parí." Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Jẹ́-n-parí, àfi níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ja ìjà Ìyípadà nílùú yìí. Àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni wọ́n jókòó sórí afárá, tí wọ́n na ẹsẹ̀ gbalaja, tí ọkọ̀ àwọn ológun kò fi rí ọ̀nà kọjá. Agbẹ̀bí ìlú, ìyá arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ ń ró bí agogo, ló kó wọn jáde. Ní ti Jẹ́-n-parí, ibà kọ lù ú láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ibà náà sì jẹ́ ibà tó mọ àsìkò: ìṣẹ́jú tí rédíò kéde ìṣẹ́gun gan-an ni ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó bọ́ síta, ó pàdé èrò tó ń rọ́ bọ̀ láti orí afárá, ó yí padà, ó bọ́ síwájú wọn, ó ń ju apá. Onífọ́tò kan yà á ní fọ́tò. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé fọ́tò kì í bi èèyàn pé, "Níbo lo ti ń bọ̀?"

Fọ́tò yẹn ló gbé e wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Àga mẹ́sàn-án ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ọkùnrin mẹ́jọ jókòó sórí mẹ́jọ. Àwọn obìnrin ní ti àwọn ni ìkẹsàn-án. Ìgbìmọ̀ fi ọjọ́ mọ́kànlá gbé e yẹ̀ wò. Ẹnì kan ní obìnrin ni ìyá Ìyípadà. Ẹnì kejì ní òdòdó rẹ̀ ni. Ẹnì kẹta ní òpó rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá, òdòdó tàbí òpó wá jókòó. Níkẹyìn, Jẹ́-n-parí dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi," ó ní, "a ò ní fi àga du obìnrin. Ó tì o! Ṣùgbọ́n obìnrin wo? Obìnrin àtijọ́ ti bá ìjọba àtijọ́ lọ. Obìnrin tuntun dà? Ta ló ti rí i? Báwo ló ṣe ga tó? Báwo ló ṣe ń rìn? Ẹ jẹ́ n parí! Ká tó fi obìnrin jókòó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn obìnrin wò!"

Àtẹ́wọ́ ró. Inú àwọn yòókù dùn, nítorí pé wíwọ̀n a máa gba àkókò. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fi í joyè Aláṣẹ Àgbà fún Ìwà, Ìrísí àti Ìgbésẹ̀ Obìnrin Ìyípadà. Nígbà tí wọ́n máa kọ oyè náà sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ilẹ̀kùn kò gbà á. "Obìnrin Ìyípadà" bọ́ sára ògiri.

Èèyàn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọn èèyàn ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-sà. Láràárọ̀ ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ka oyè ọ̀gá rẹ̀ láti ilẹ̀kùn dé ara ògiri, a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọ̀gá bá wúkọ́, a ní, "Ikọ́ ọlọgbọ́n!" Bí ọ̀gá bá sín, a fi ìwé kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá òfin ni. Ẹnì kejì ni Ìyá Atẹ̀wé, obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tẹ ìwé fún oríṣiríṣi ọ̀gá, tó sì ti rí i pé ọ̀gá ló ń yí padà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í yí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, òfin ti ń já bọ̀ bí èso àgbọn. Òfin kìíní ní ẹ̀rín obìnrin Ìyípadà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ, eyín mẹ́fà péré ni kó sì yọ síta. Òfin kejì ní ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn bíi ti ọkùnrin, kò sì gbọdọ̀ kúrú bíi ti ìjọba àtijọ́. Wọ́n rán Bẹ́ẹ̀ni-sà lọ sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ pẹ̀lú téèpù. Nígbà tí àwọn obìnrin jáde níbi iṣẹ́, ọ̀ọ́dúnrún wọn, wọ́n ní àwọn ò kọ̀, kó sáà máa wọn àwọn bí àwọn ṣe ń lọ. Ó ń sáré, ó ń tẹ̀, ó ń wọ̀n, títí ó fi jókòó sẹ́bàá títì tí téèpù lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ni Jẹ́-n-parí pe ayàwòrán kan pé kó ya obìnrin tuntun sára ògiri gbọ̀ngàn ìlú. "Fi irinṣẹ́ sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí òṣìṣẹ́ ni. Fi ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́ òsì, nítorí ìyàwó ilé ni. Gbé ìwé lé e lórí, nítorí ọ̀mọ̀wé ni. Kí ojú rẹ̀ máa wo ilẹ̀, nítorí onítìjú ni. Kó gbé ọmọ mọ́ àyà."

Ayàwòrán họ orí. "Sà, ọwọ́ méjèèjì ti kún. Ọwọ́ wo ni yóò fi gbá ọmọ mú?"

"Ìyípadà ni yóò gbá a mú!"

"Ọgbọ́n ńlá!" ni Bẹ́ẹ̀ni-sà wí. Ayàwòrán ya ọmọ náà bó ṣe léfòó lójú òfuurufú, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dúró díẹ̀ sórí òfin kejìlá, nítorí òfin yìí ni ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun bí ẹni tó ń hun àwọ̀n, tó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó sínú rẹ̀. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń pè é, Ìyá Atẹ̀wé ń tẹ̀ ẹ́: "Níwọ̀n bí ìtìjú obìnrin Ìyípadà kò ti ní jẹ́ kó la ẹnu rẹ̀ ní gbangba, ẹni tó bá ń pèsè ibùgbé àti aṣọ fún un ni yóò máa jókòó tì í nínú ìgbìmọ̀, tí yóò máa sọ̀rọ̀, tí yóò sì máa dìbò ní orúkọ rẹ̀."

Ìka Ìyá Atẹ̀wé dúró. "Sà, ṣé ọkọ rẹ̀ lẹ ní lọ́kàn? Ẹ ò wulẹ̀ jẹ́ n kọ 'ọkọ'?"

"Jẹ́ n parí! 'Ọkọ' ti kéré jù, kò lóhùn. Bó bá jẹ́ bàbá rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ńkọ́? Kọ ọ́ bí mo ṣe pè é."

Ó kọ ọ́ bó ṣe pè é. Ó kọ òfin kẹtàlá tí ọ̀gá rẹ̀ tún pè mọ́ ọn pẹ̀lú: ẹni tí Aláṣẹ Àgbà bá ti fi òǹtẹ̀ rẹ̀ yàn, kò sí ẹ̀dá tó lè yọ ọ́, àní Aláṣẹ Àgbà alára kò lè yọ ọ́, nítorí ẹni ńlá kì í ṣe àṣìṣe, kí ni yóò wá máa yọ?

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin mẹ́tàlélógójì ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ wọlé. Obìnrin yìí ló gbẹ̀bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Jẹ́-n-parí. Ká má wulẹ̀ fi bò, òun náà ló gbẹ̀bí Jẹ́-n-parí, òun ló kọ́kọ́ gbá a nídìí kó lè ké. Bí ìlú bá sì ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tábìlì tó wà láàárín wọn lọ́jọ́ náà fẹ̀ púpọ̀. Ọmọ àná ń fi "ìwọ" pe ìyá rẹ̀.

"Ìwọ obìnrin, ṣé o gbọ́n?"

"Mo gbọ́n tó iṣẹ́ mi, ọmọ mi."

"Ìgbéraga," ni Jẹ́-n-parí wí. Bẹ́ẹ̀ni-sà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé o lágbára?"

"Bi àwọn tí a jọ sùn sórí afárá. Mi ò kúkú rí ọ níbẹ̀. Ibà yẹn ńkọ́, ṣé ó ti lọ pátápátá?"

"Àrífín! Nínú ilé rẹ, ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó bá ní nǹkan láti sọ ni. Àwọn tó kù a dákẹ́, wọ́n a gbọ́. Ó dáa gan-an, kí ìwọ náà dán an wò."

Wọ́n ní kò yege. Ahunṣọ kan tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ àwọn òfin yìí pa á lẹ́rìn-ín, Bẹ́ẹ̀ni-sà sì tẹjú mọ́ aago: "Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, sà! Eyín méjìdínlógún!" Kò yege. Opó kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù wọlé. Wọ́n ní agbára rẹ̀ dára, ó kàn jẹ́ pé ó hàn jù ni. Kò yege. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ṣíwájú. Ó tẹrí ba, ó ní, "Mi ò gbọ́n, sà, mi ò lágbára, mi ò sì ní nǹkan kan láti sọ." Jẹ́-n-parí bínú. "Kí ni irú èyí wá fẹ́ wá ṣe nínú ìgbìmọ̀?" Òun náà kò yege. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́rú, obìnrin mẹ́tàlélógójì ti wọlé, mẹ́tàlélógójì ti jáde.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ká ní kì í ṣe pé Jẹ́-n-parí ti fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí Olórí ìjọba tuntun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé: A TI RÍ OBÌNRIN TUNTUN NÁÀ. Èsì dé lọ́sàn-án ọjọ́rú yẹn: MO Ń BỌ̀ LỌ́JỌ́ ẸTÌ TÓ Ń BỌ̀ LẸ́YÌN ÈYÍ. MO FẸ́ FOJÚ RÍ I. Ibà ọjọ́sí tún fẹ́ padà wá.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Atẹ̀wé lọ sí ìsọ̀ aránṣọ tó kọjú sí ilé-ìfìwéránṣẹ́, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun dín etí ẹ̀wù kan kù. Obìnrin aránṣọ yìí kì í ṣe aláríyànjiyàn. Òun ló rán àsíá tí wọ́n ta sórí afárá, ó sì rán an láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá akíkanjú ni òun. Agbẹ̀bí wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ahunṣọ mẹ́ta. Ìyá Atẹ̀wé yọ ìwé kan nínú báàgì, ó ka òfin kejìlá fún wọn, ó tún un kà.

Agbẹ̀bí yí ojú sí fèrèsé. Ọmọlangidi tí aránṣọ fi ń pàtẹ aṣọ dúró síbẹ̀ nínú ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, ó ga bí èèyàn, ó dákẹ́ lọ, ó ń wo ilé-ìfìwéránṣẹ́.

"Ta ló ń pèsè ibùgbé àti aṣọ fún èyí?" ni agbẹ̀bí bi wọ́n.

Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun. "Èmi kẹ̀! Ẹ má dán an wò, ìyá. Mi ò mọ ìṣèlú o."

"Ta ló mọ̀ ọ́n nínú àwọn mẹ́jọ yẹn? Ìwọ o ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ díẹ̀ bo ara ńlá. Ìjọba ò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bí wọ́n bá wá ti ìsọ̀ mi pa ńkọ́? Bí wọ́n bá tì mí mọ́lé? Ọmọ méjì ni mò ń tọ́."

Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "A máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n bá tì ọ́ mọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé a mọ jíjókòó."

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó gún un mọ́ tìmùtìmù, ó ní, "Ẹ mú fọ́ọ̀mù wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ ẹyọ kan síbẹ̀."

Kò sì pa. Fọ́ọ̀mù tó dé orí tábìlì Jẹ́-n-parí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kà báyìí: "Ó ti lo ọdún mẹ́jọ nídìí iṣẹ́ aṣọ. Ó máa ń dúró láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́, kò sọ rí pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Kò bá aládùúgbò jà rí. Kì í ṣòfófó. Aṣọ tí wọ́n bá fún un ló ń wọ̀. Ibi tí wọ́n bá kọjú rẹ̀ sí ló ń wò. Kò fi eyín hàn rí."

Omi lé sójú Jẹ́-n-parí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sókè, lẹ́ẹ̀kan sínú. Ó ní kí wọ́n pe aránṣọ wọlé.

"Nígbà tí o sọ fún un pé o fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ wá, kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, sà. Ó kàn dúró."

"Ìrẹ̀lẹ̀!" Jẹ́-n-parí na ìka sí Bẹ́ẹ̀ni-sà. "Kọ ọ́! Ṣé ó lọ́kọ?"

"Kò ní, sà."

"Bàbá? Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Èmi ni mo fún un níbùgbé, èmi ni mò ń fi aṣọ wọ̀ ọ́."

Ọkùnrin ni Jẹ́-n-parí ń retí. Èyí kò rí bó ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n ó ronú kan tẹligíráàmù, ó ronú kan Olórí. "Ó dáa. Lábẹ́ òfin kejìlá, ìwọ ni alágbàtọ́ rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ni-sà, tí orí rẹ̀ pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì, ní, "Sà, ṣé ká pè é wá ká fojú kàn án?"

"Jẹ́ n parí! Obìnrin gidi kì í rìn kiri ọ́fíìsì. Òfin kẹrin! Ká ní ó wá, kì bá tí yege." Ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú mọ́ ìwé, tábìlì mì.

Ilé ló ti yẹ kí wọ́n yọ Jẹ́-n-parí nínú ewu yìí. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé-ìfìwéránṣẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú ìsọ̀ aránṣọ kọjá. Lọ́jọ́ Ajé, bí wọ́n ṣe ń mu tíì àárọ̀, ọkọ rẹ̀ ń ka fọ́ọ̀mù náà fún un bí ẹni ń ka oríkì. Obìnrin náà gbé ife sílẹ̀.

"Ọkọ mi, obìnrin tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ṣé ẹ ti rí i? Torí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀wù búlúù kan ló…"

"Jẹ́ n parí."

Kò tíì parí nígbà tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ lù. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì, ó jáde. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó tún bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ aránṣọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́…" "Jẹ́ n parí." Agogo lù. Lọ́jọ́rú, ó kọ ọ́ sínú bébà, ó fi bébà náà sábẹ́ ife tíì ọkọ rẹ̀. Jẹ́-n-parí mú bébà, ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ó fi kọ ọ̀rọ̀ àkíyèsí fún ojú ewé kẹtàlélógún ọ̀rọ̀ tó máa sọ níwájú Olórí. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní, "Ó dáa," ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìyọkúrò. Àwọn àgbà wí, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbàgede iwájú gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Olórí ìjọba tuntun jókòó lábẹ́ ìbòòrùn, àgbàlagbà oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ọ̀rọ̀ kan tó ti kọ́ láti sùn pẹ̀lú ojú lílà. Jẹ́-n-parí dìde, ó sì sọ̀rọ̀. Èmi ò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, mo ní àánú. Ó fi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tí obìnrin kì í ṣe, ó fi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tó jẹ́. "Ó jẹ́ àpáta, síbẹ̀ ó rọ̀ bí òwú! Ó jẹ́ iná, síbẹ̀ kò jóni! Ó jẹ́ ohùn, síbẹ̀ a kì í gbọ́ ọ!" Olùfọnfèrè kan nínú ẹgbẹ́ akọrin sùn lọ, fèrè rẹ̀ fọn fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n parí! Ẹ gbé e wá!"

Ahunṣọ mẹ́rin gbé e gba àárín èrò kọjá, aṣọ funfun bò ó látòkèdélẹ̀. Jẹ́-n-parí rí i pé wọ́n gbé e ni, orí rẹ̀ wú: ìtìjú rẹ̀ pọ̀ débi pé kò fẹ́ kí wọ́n rí ẹsẹ̀ òun! Wọ́n gbé e nàró sórí pèpéle. Aránṣọ dúró tì í. Jẹ́-n-parí kò wo ojú obìnrin náà, nítorí ojú èrò ló ń wò. Ó ṣí aṣọ funfun, ó gbé ọ̀já oyè kọ́ ọ lọ́rùn, ó nawọ́ sí i.

"Arábìnrin," ó ní, "ní orúkọ Ìyípadà, mo kí ọ kú oríire!"

Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tagbáratagbára. Ọwọ́ náà yọ.

Jẹ́-n-parí dúró, ó di ọwọ́ obìnrin tuntun mú títí dé ìgúnpá, ó ń bọ̀ ọ́ lọ kò tíì dáwọ́ dúró, nítorí ara rẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Olórí jí dáadáa.

"Kí lo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn?" ni Olórí béèrè.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ àwọn ahunṣọ ló ti ṣẹ́yọ, ó gba àárín àwọn olùkọ́ kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, kò sì sẹ́ni tó gbé aago láti wọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀tàn ni!" Jẹ́-n-parí na ọwọ́ sí aránṣọ, ọwọ́ ọmọlangidi ló sì nà. "Ẹ mú un! Ó purọ́ fún ìjọba!"

Àwọn ọlọ́pàá méjì gbésẹ̀. Àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ rí i, kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Wọ́n jókòó yí pèpéle ká, ọ̀ọ́dúnrún wọn, wọ́n na ẹsẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá rántí afárá. Wọ́n dúró.

Aránṣọ bọ́ síwájú. "Sà, ẹ bá mi ka ìwé tí mo kọ. Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà níbẹ̀, kí wọ́n tì mí mọ́lé. Mo ní kì í sọ̀rọ̀. Ṣé ó sọ̀rọ̀ ni? Mo ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹ̀yin lẹ fà á lọ́wọ́ já, kò sì bá yín jà."

Ẹ̀rín tún bú. Olórí ní kí wọ́n ka òfin. Ìyá Atẹ̀wé ti wà nítòsí, òfin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, awò ojú ti wà lójú rẹ̀. Ó ka ìkejìlá, ó ka ìkẹtàlá, ó fi òǹtẹ̀ hàn.

"Obìnrin mélòó ló wá ṣe ìdánwò yìí?" ni Olórí béèrè.

"Mẹ́tàlélógójì, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-sà dáhùn. Ó ti ń rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ ti yọ.

"Mélòó ló yege?"

"Kò sí, sà. Àfi èyí tí kò lẹ́mìí yìí."

Olórí wo agbẹ̀bí tó jókòó níwájú gbogbo wọn, ó mọ̀ ọ́n. Ó rọra dìde fún un. "Ìyá, ẹ̀yin náà ṣe ìdánwò yìí?"

"Mo ṣe é, ọmọ mi. Wọ́n ní mo gbọ́n."

N kò ní sọ fún yín pé Olórí yìí jẹ́ olódodo ju àwọn tó kù lọ. Òṣèlú ni. Ó gbọ́ ibi tí ẹ̀rín ti ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá bá èrò rẹ́rìn-ín, òun ni ẹ̀rín náà máa bà lé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òfin ni òfin. Aláṣẹ Àgbà ti yàn án, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Kí alágbàtọ́ rẹ̀ lọ jókòó." Báyìí ni aránṣọ ṣe gba àga kẹsàn-án. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Olórí ti fọwọ́ sí ìwé kan tó gba oyè náà lọ́wọ́ Jẹ́-n-parí, àti èyí tó wà lára ilẹ̀kùn àti èyí tó wà lára ògiri.

Jẹ́-n-parí rìn lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí tábìlì, ó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọkọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó la ẹnu láti béèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún òun. Ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè láti inú ìwé, ó wò ó, ó ń dúró de ìbéèrè náà tìfẹ́tìfẹ́. Jẹ́-n-parí pa ẹnu rẹ̀ dé. Ojú tì í gidi, irú ìtìjú tí kì í ṣe ti òfin. Ó ní, "Kí ni àwọn ọmọ yẹn ń kọ́ lọ́wọ́?" Obìnrin náà ṣàlàyé ìdá, ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́rin, fún un fún odindi ìdajì wákàtí. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Wọn kò lé e kúrò níbi iṣẹ́. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ ibi tí fáìlì kankan wà, nítorí náà wọ́n fi í ṣe akọ̀wé àga kẹsàn-án, tábìlì kékeré kan lẹ́bàá Ìyá Atẹ̀wé. Ọ̀sẹ̀ kejì, aránṣọ ní kó bá òun kọ àbá tí òun fẹ́ gbé síwájú ìgbìmọ̀. Ó kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé ojú ewé mọ́kànlá lọ bá a ní ìsọ̀.

Aránṣọ kà á lórí ìdúró. Ó ka ibi tó ti sọ nípa òwúrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, ó fa sísọ́ọ̀sì yọ, ó gé e. Ó ka ibi tó ti sọ nípa àpáta àti òwú, ó gé e. Bébà ń já bọ̀ sílẹ̀ bí àjákù aṣọ. Jẹ́-n-parí ń wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kó jẹ́ kí òun parí. Nígbà tí sísọ́ọ̀sì dákẹ́, ìlà kan ṣoṣo ló kù: *Kí wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n á ti máa tọ́jú ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, kó sì ṣí kó tó di òpin oṣù yìí.*

Jẹ́-n-parí gbà á, ó kà á. Ó yí i padà bóyá nǹkan kù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyáàfin," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé kò kéré jù báyìí?"

Aránṣọ na bébà náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó wò ó bí ẹni tó ń wo èjìká ẹ̀wù.

"Rárá," ó ní. "Ó bá a mu."